Àwòrán Àyà Dókítà Lindqvist

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn ná, Dókítà," Trembath awakùsà wí, ó sì káwọ́ mọ́ àyà.

Àwọn awakùsà bí ogójì ló tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn, yìnyín ṣì ń yọ́ lára bàtà wọn. Òfin wọn nìyẹn lágbègbè Montana, ní Amẹ́ríkà: ẹni tó bá ní káwọn èèyàn wọ ihò tuntun, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ihò tuntun sì ni ẹ̀rọ ayàwòrán àyà tí Dókítà Emmett Lindqvist gbé wá yìí lójú wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní iná rẹ̀ a máa pa nǹkan ọmọkùnrin kú, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Emmett náà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti bẹ oníṣẹ́ abẹ kan títí tó fi yọ ilé ọmọ rẹ̀ kúrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọyàn ló kù, ọ̀já ló sì fi ń dì í mọ́ àyà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìlú méjì ló ti sá kúrò nítorí ẹni tó dá a mọ̀. Ọ̀já kò sì lè bo nǹkan kan lójú ẹ̀rọ yìí. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn dókítà mìíràn bí òjìji ọyàn ṣe ń hàn nínú àwòrán.

Trembath bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ ife tí ẹ̀rọ náà bá tètè fi hàn ṣì ṣeé tọ́jú. Bí aláìsàn bá ti ń tu ẹ̀jẹ̀, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Bí Emmett bá kọ̀, gbogbo wọn á padà sílé. Ó bọ́ kóòtù, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lọ́rùn, ó dúró ti ẹ̀rọ.

Ó ti pète láti fọ àwòrán náà fúnra rẹ̀, kó sọ pé ó bàjẹ́. Àmọ́ Nọ́ọ̀sì Hilja, ìyá àgbà ará Finland tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ àwòrán, ó tilẹ̀kùn.

Emmett kò lè jókòó. Ó jẹ ìdajì páì ẹran láìmọ adùn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin tó lè gbé e sá lọ ló ń rò. Wọ́n ní ohun tó pamọ́ lójú èèyàn, kedere ni lójú Ọlọ́run. Tirẹ̀ ti fẹ́ di kedere lójú Hilja.

Hilja jáde, ó fi àwòrán tútù náà kọ́ ojú fèrèsé. Trembath tẹjú mọ́ ọn títí.

"Egungun lásán ni," ó wí, "bíi tàwa náà." Ó sì ń tú bọ́tìnnì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń tò, Hilja pe Emmett sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló fi pẹ́ńsù tọ́ka sí.

"Afẹ́fẹ́ ò débí. Ẹ̀ ń dì í le jù, Dókítà."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ dé. Ẹ ò sọ, èmi náà ò bi yín. Ẹ lọ tú u díẹ̀, àwọn èèyàn ń dúró."

Hilja ti kọ ọ́ sí etí àwòrán náà: *Lindqvist, ọkùnrin, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.*

Nínú yàrá òkùnkùn, Emmett dẹ ọ̀já náà. Èémí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ débi tí kò dé láti ọjọ́ pípẹ́, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin dún lókèèrè, ó sì jẹ́ kó lọ. Ó rántí gbogbo ẹ̀dọ̀fóró tó ti yẹ̀ wò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò wo tirẹ̀ rí.