Oògùn Ti Tán

"Oògùn ti tán, àǹtí. Ẹ máa lọ sílé, a máa pè yín."

Abẹ́ ìbòmú ni nọ́ọ̀sì àgbà ti sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára fóònù. Obìnrin onídìrí tó ń bá wí dúró gbọn-in sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fa omi síni lára. Láti ìjẹta ni inú ti ń lọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, ẹ̀jẹ̀ sì ti padà sínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà kejì rèé tí wọ́n máa ní kó lọ retí ìpè, ìpè àkọ́kọ́ ò sì tíì dé.

"Ẹ dákun, mà, ẹ bá mi tún un wò. Àkókò tèmi ti kọjá tipẹ́."

"Tí mo bá ní ó ti tán, ṣé kí n wá bí i ni?"

Onídìrí yọjú wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àga mẹ́ta ló wà nínú yàrá, èèyàn wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rá oògùn sì rọ̀ sókè orí kálukú wọn, ó ń kán tó, tó, tó. Oògùn tó ti tán wo ló tún ń kán?

Kí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé, kò sí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ tí kò mọ̀. Àrùn ìfun kan náà ló kó gbogbo wọn jọ, èyí tí í mú kí ìfun wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹgbẹ́ Asáré ni wọ́n ń pe ara wọn, nítorí bí nǹkan náà bá gbé e dé, àgbà kì í rìn, ńṣe ni í sáré. Òun alára ti fi oníbàárà sílẹ̀ sá lọ rí, ìdajì orí ní dídì, ìdajì ní títú. Wọ́n á fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi tán nínú ọ̀rá. Lónìí, kò mọ ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́ta yìí.

"Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, òòyì ń kọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí bẹ́ńṣì ẹ̀bá ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Alága, ló wà nítòsí ibẹ̀. Alága kí ni, onídìrí ò mọ̀. Ó jókòó síbi tó jìnnà sí i díẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ara ẹni tó ń gba oògùn yìí kì í lágbára láti bá àrùn jà, kó sá fún èrò bí ẹní sá fún iná. Ìdí nìyẹn tó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó ń ṣe irun fún èèyàn sì mọ bí a ti ń woni láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀. Ẹ̀pà ni Alága ń jẹ. Ìbòmú rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń fi ẹlẹ́rìndòdò tútù lé e. Ẹ̀pà! Nínú Ẹgbẹ́ Asáré, ẹni tó bá dán ìyẹn wò lọ́jọ́ tí inú ń ṣe é, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò sùn. Síbẹ̀ ó ní kí òun má tètè dájọ́. Bóyá tirẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ dákun, níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbí?"

"Èmi ò mọ̀ o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bọ̀, mi ò wá a rí."

Onídìrí tún ọkùnrin náà wò. Kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ wọ ilé àjèjì kó kọ́kọ́ wá àga. Ilẹ̀kùn yẹn lojú wọn máa ń wá ná. Òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló wà, ọwọ́ Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o.

"Àìsàn tiyín ò wá le nìyẹn, sà."

"Àìsàn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ẹni tó bá gba oògùn yìí, àrùn tó wà nílùú ò ní lè mú un. Nọ́ọ̀sì ló bá èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi wọ̀nyí ṣètò ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ta ló júwe ibí fún ẹ?"

Inú bí onídìrí débi tó gbàgbé òòyì. Ó dìde.

"Mà! Oògùn ò tán! Òun lẹ ń fà sára àwọn tí nǹkan kan ò ṣe! Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́!"

Nọ́ọ̀sì dé kíá. Ó wo Alága, ó wo ilẹ̀kùn dókítà tó wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú yín. Ṣé ìgbẹ́ gbuuru ni?"

Onídìrí mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wọ obìnrin yìí létí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò sinmi láti ìjẹta."

"Ara yín ń gbóná?"

"Ó máa ń gbóná díẹ̀, mà, bó bá ti dé báyìí."

"Ó rẹ̀ yín?"

"Ó rẹ̀ mí púpọ̀, mà."

Nọ́ọ̀sì sún sẹ́yìn, ó gbé fóònù sétí. "Ẹ wá mú ẹnì kan níbí kíákíá. Ara gbígbóná, ìgbẹ́ gbuuru, àárẹ̀. Gbogbo àmì ẹ̀ ló pé."

"Àmì kí ni? Mà, ẹ̀yin lẹ máa ń gún mi lábẹ́rẹ́! Ẹ mọ ohun tó ń ṣe mí!"

"Lásìkò yìí, mi ò mọ ẹnì kankan."

Alága ti fa ìbòmú bo imú. "Ẹ gbé e jìnnà sí mi o," ló ń wí.

Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń ya àwọn aláàrùn sọ́tọ̀ sí, gbọ̀ngàn gbọọrọ kan tí ibùsùn kún inú ẹ̀, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Ikọ́ ń dún lọ́tùn-ún, ó ń dún lósì. Ó kọjú sí ògiri, kò yọ ìbòmú kódà nínú oorun. Gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun wọlé ló ń bẹ̀ nítorí oògùn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ lọ́rọ̀ wà. Kò lè bá ilé sọ̀rọ̀, fóònù rẹ̀ ti kú, wọn ò sì jẹ́ kí ẹbí kankan kọjá géètì.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jáde: kò ní àrùn náà. Ó sunkún ayọ̀, ó di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kó tú u. Òfin ni pé kí àyẹ̀wò kejì bá ti àkọ́kọ́ mu kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí ìkejì máa fi jáde, òun náà ti ń wúkọ́. Wọ́n ní ó ti ní in.

Ẹnu géètì ni ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ èsì yìí. Ó gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà lọ tààrà, nítorí òun nìkan ló mọ̀ nílé ìwòsàn náà. Obìnrin náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mi orí bí ẹni pé àánú ṣe é.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọjọ́ tí mo rí ìyàwó yín ni mo ti fura. Ká ní mi ò tètè pe àwọn tó wá gbé wọn ni, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin àtàwọn ọmọ..." Kò parí ẹ̀.

Ọkùnrin náà ronú kan àwọn ọmọ, omi lé sí i lójú. Ó tẹrí ba níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí. "Ẹ gba ẹ̀mí wa là."