Òkúta Orí Òrùka

"Bàbá, ẹ fún mi ní hámà yẹn."

Mo-ti-mọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn, torí kò sí ọ̀rọ̀ téèyàn máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀, kí ló mọ̀ gan-an? Kò mọ nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀bù onígóòlù ni wọ́n wà, òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mọ́tò Mo-ti-mọ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Òrùka tí ọkọ yẹn fún un ló wà lórí irin níwájú wọn.

Mo-ti-mọ̀ yínmú. "Dírẹ́bà lásán-làsàn, kó ra dáyámọ́ńdì? Ìgò ni. Dáyámọ́ńdì gidi, tí tírélà bá gùn ún, kò ní fọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń rántí ẹ̀ nìyẹn."

Onígóòlù, bàbá arúgbó kan, bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ọ̀gá, líle ọ̀tọ̀, fífọ́ ọ̀tọ̀. Ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ lọ́gbọọgba, á gbà á. Àmọ́ ó níbi tó ti máa ń là, bí igi ìdáná. Ẹ jẹ́ ká fi ha gíláàsì aago yín. Irin ò lè ha irú ẹ̀, ìgò ò lè ha á, àmọ́ dáyámọ́ńdì lè ha á."

"Mo ti mọ̀ yẹn. Aago mi kọ́ lẹ máa fi dánrawò."

Ló bá bọ́ aago olówó ńlá ẹ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì kó má baà mì. Ó gba hámà, ó là á mọ́ òrùka.

Òkúta yẹn fọ́ sí mẹ́rin.

"Ẹ rí i? Ìgò. Mo ti mọ̀. Oníjìbìtì lo fẹ́."

Àbúrò ẹ̀ ò sunkún. Ó ṣa èérún kan, ó fà á kọjá lójú aago yẹn, látòkè délẹ̀. Ìlà funfun jáde gbọọrọ.

Mo-ti-mọ̀ fi àtàńpàkò nu ìlà náà, ó tún un nù. Kò kúrò.

"Bàbá," obìnrin náà ní, "ẹ bá mi to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òrùka."

"Wọn ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ o, ọmọ mi."

"Ẹ ṣáà tò wọ́n." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ máa gbé mọ́tò yín lọ, Ẹ̀gbọ́n. Màá fẹsẹ̀ rìn."