Ojú Tí Bàbá Wa Fi Ń Ránṣọ

Aṣọ akọrin méjìlá ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n, wọ́n gùn dé kókósẹ̀. Bàbá wa ti rán gbogbo wọn tán, wọ́n ti lọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti fi wọ́n kọ́ kí olórí ẹgbẹ́ akọrin tó wọlé. Obìnrin náà fọwọ́ kan etí aṣọ àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta. Òwú pupa fòò ni bàbá fi rán etí gbogbo wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn ló sì dun bàbá jù. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n ní àwọn á tú u, àwọn á sì tún un rán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta irú àṣìṣe yìí rèé láàárín oṣù mẹ́rin tí ìyá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́, ó sì pè mí lórí fóònù. Ọ̀gá ilé-ìwé ni, gbogbo ayé ló sì máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì.

"Ọpọlọ Bàbá ti ń jó rẹ̀yìn," ló wí. "Tó bá di Sátidé, màá ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, màá sì mú wọn wá sílé mi. Ìwọ lọ bá wọn palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè."

Mo ní ó dáa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ní ó dáa. Ọdún méjìlélógójì ni bàbá wa ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣọ tó tọ́ wa dàgbà, ṣùgbọ́n n ò bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn fún ìṣẹ́jú kan. Èmi náà ti rò pé arán ni.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, kí ẹ lè dá mi lẹ́bi dáadáa. Inú yàrá ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ àti ti oríṣiríṣi ẹranko wá fún wa, a ó sì wá jíìnì wọn jáde, ìyẹn ìtọ́ni tín-tìn-tín tó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Nínú gbogbo jíìnì tó wà, èyí tó ń jẹ́ kí ojú mọ àwọ̀ nìkan ni tèmi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà Ọ̀bọ ni bàbá wa máa ń pè mí, kódà níwájú àwọn oníbàárà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí mo débẹ̀, bàbá jókòó sídìí máṣíìnì, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tú òwú pupa kúrò létí aṣọ akọrin. Yàrá náà ò fẹ̀. Fèrèsé kan, tábìlì ìgéṣọ kan, áyọ́ọ̀nù, àwọn pátánì bébà tí wọ́n fi kọ́ sára ìṣó, àti pẹpẹ òwú tó ní ìlà márùn-ún lára ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn pátánì jọ.

"Bàbá, ẹ bá mi mú òwú pupa kan kí n fi di ìwọ̀nyí."

Wọ́n dìde. Wọn ò wo òwú kankan. Wọ́n fi ìka sí etí ìlà kejì, wọ́n kà á láti apá òsì, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n mú ìkẹrin, wọ́n gbé e fún mi. Àwọ̀ ewé ni.

"Pupa ni mo ní, Bàbá."

"Pupa náà nìyẹn," wọ́n dáhùn, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Mo dúró. Mo wo pẹpẹ náà. Àwọn òwú ńlá wà nísàlẹ̀, àwọn kéékèèké wà lókè, gbogbo rẹ̀ ń dán.

"Ta ló tún ibí yìí tò?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó wá bá mi tún ṣọ́ọ̀bù ṣe lẹ́yìn ìsìnkú. Ó nù ún mọ́ tónítóní. Ọmọ dáadáa ni."

Ipò òwú ni wọ́n ń kà, wọn ò wo àwọ̀. Mo mú òwú pupa, mo mú ti àwọ̀ ewé, mo gbé méjèèjì síwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni pupa nínú méjèèjì yìí?"

Wọn ò wo òwú. Èmi ni wọ́n wò. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì tún padà wá jókòó.

"Ìyá rẹ ló sọ fún ọ?"

"Rárá."

"Ta ló wá sọ fún ọ?"

"Àwọn ọ̀bọ mi ni, Bàbá." Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo ojú ẹranko inú igbó, n ò wo ojú ẹni tó bí mi.

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Láti kékeré ni pupa àti àwọ̀ ewé ti jẹ́ ọ̀kan náà lójú wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, oníbàárà ni wọ́n máa ń bi pé, "Kí lẹ ń pe àwọ̀ aṣọ yín yìí?" inú oníbàárà á sì dùn láti ṣàlàyé. Oṣù kejì ìgbéyàwó ni ìyá wa mọ àṣírí náà. Kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó to òwú sórí pẹpẹ, ó sì fi bàbá ṣe ọmọ ilé-ìwé títí wọ́n fi mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Láti ọjọ́ náà, kò sí aṣọ tó kúrò níbẹ̀ tí kò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Sátidé ni wọ́n ń ti ibí pa."

"Kí ó tì í."

"Bàbá!"

"Gbogbo arúgbó ló ń ṣarán, kò sí ìtìjú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ èyí, wọ́n á ní ìyá rẹ ló ń ránṣọ ní gbogbo ọdún yẹn, pé èmi kàn ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì."

Inú bí mi, mo sì sọ pé inú ń bí mi. Mo sọ fún wọn pé ó níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Bí a bá fi ìwé àyẹ̀wò àwọ̀ hàn wọ́n níwájú ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn ò rí i, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ ò rí i, ó ti bẹ̀rẹ̀." Jíìnì nìkan ló lè jẹ́rìí pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Jíìnì kì í ṣarán.

"Kí tiẹ̀ ni jíìnì ọ̀hún?" bàbá béèrè.

Mo mú pátánì ṣòkòtò kan. "Lọ́wọ́ ta lẹ ti gba èyí?"

"Ọ̀gá mi. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tiẹ̀."

"Ṣé bó ṣe rí lọ́wọ́ ọ̀gá yín ló ṣì rí?"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá ń dà á kọ sórí bébà tuntun, pẹ́ńsù á yẹ̀ díẹ̀. Òmíràn á bàjẹ́, a ó jù ú nù. Òmíràn á tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun làwọn èèyàn á máa béèrè, òun la ó sì máa dà kọ."

"Bàbá, ẹ ti sọ ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì tán."

Mo wá sọ ìyókù. Mo ní nígbà kan, tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó di èèyàn, pátánì kan ni àwọn baba ńlá àwa àti ọ̀bọ ní fún pupa àti àwọ̀ ewé pa pọ̀. Lọ́jọ́ kan, ara dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe ni. Méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkejì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí èso pupa láàárín ewé. Àwọn tó rí èso jẹun yó, wọ́n bímọ, àwa sì ni ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n méjì tó jọra tó bẹ́ẹ̀, tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rọrùn kí ọ̀kan já bọ́ nígbà tí ara bá ń dà wọ́n kọ. Níbì kan nínú ìran ìyá tó bí bàbá mi, ọ̀kan já bọ́.

"Àwọn wo ló ń rí bíi tèmi?"

"Ajá. Ẹṣin. Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, n ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú wọn. "Ta wá ni télọ̀ tó ń da pátánì yìí kọ?"

"Níbi iṣẹ́ tèmi, a ò rí télọ̀ kankan, Bàbá. Èyí tó bá bá ayé mu ló ń kù." Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbàdúrà láràárọ̀, n ò sì wá gba àdúrà lẹ́nu wọn.

"Èmi tí tèmi já bọ́ ńkọ́? Èmi náà bá ayé mu?"

"Ọdún méjìlélógójì lẹ fi ránṣọ."

"Ìyá rẹ ni."

"Ìyá mi náà wà nínú ayé tí ẹ bá mu, Bàbá. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun abẹ̀mí kan tó ń dá yege."

Wọ́n gbé òwú méjèèjì sọ́wọ́ kan náà, wọ́n wò wọ́n pẹ́. Wọ́n ní, "Ibo ni wọ́n ti ń mú un lára èèyàn?"

Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Mo fi òwú tútù orí igi tín-ín-rín nù ún, wọ́n fọwọ́ síwèé, torí ibi iṣẹ́ wa ò gbọdọ̀ yẹ ara ẹnikẹ́ni wò láìgbàṣẹ. Lọ́jọ́ Fúráídeè, mo gba àṣẹ ọ̀gá mi, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń gbóná tó ń tutù, tó ń da jíìnì kọ títí á fi pọ̀ tó ohun tí ojú lè rí. Ìlà ni èsì rẹ̀ máa ń jẹ́. Ti ọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlà méjì. Tèmi ní méjì torí ìyá mi fún mi ní èyí tó pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbọ̀ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá mi, tí èmi obìnrin sì lè fi àìpé náà lé ọmọkùnrin mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ti bàbá ní ẹyọ kan. Mo sunkún níbẹ̀, n ò ní parọ́. Àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi, ìyá mi sì ti fi ara rẹ̀ dí i láìbéèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi gbé àgádágodo tuntun dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mo fi ìwé èsì lé e lọ́wọ́, mo sì ṣàlàyé. Ó kà á bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò, ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta, mo dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ó wo pẹpẹ, ó bo ẹnu.

"Yéè! Èmi ni mo tún un tò."

"O ò mọ̀, ìyàwó mi," bàbá wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìwé. "Ó túmọ̀ sí pé Màámi ló ń…"

Ohun tí bàbá ń bẹ̀rù dé nìyẹn. Wọ́n nàró. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ tèmi, ojú ìyá yín. Kò sí aṣọ tí mo dá rán. Bí ẹ bá fẹ́ torí ẹ̀ ti ibí pa, ẹ tì í, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní arán."

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàbá títí, ó sì ki àgádágodo bọ àpò. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín ègé aṣọ, òun ọ̀gá ilé-ìwé. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti fẹ́ sin yín láàyè." Nígbà tó dìde, ó béèrè báírò, ó ní kí bàbá máa sọ bí Màámi ṣe tò ó, kí òun máa kọ orúkọ àwọ̀ sídìí òwú kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ń tò ó, èmi ń pe àwọ̀, ó sì ń kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà bíi ti ojú pátákó.

A ti dé ìlà kẹrin kí bàbá tó tún sọ̀rọ̀.

"Nígbà tó ti hàn síta báyìí, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Aṣọ ìyá yín. Èmi ni mo rán gbogbo rẹ̀. Bí mo bá bi í pé àwọ̀ wo ni, á ní, 'Àwọ̀ tó yẹ mí ni.' Àwọ̀ wo ni wọ́n?"

A fi òwú sílẹ̀. Wọ́n ń ka aṣọ náà fún wa bí wọ́n ṣe gé wọn. Èyí tí mo ṣẹ́ lọ́rùn. Pupa ni, Bàbá. Èyí tó ní àpò méjì. Àwọ̀ ewé. Èyí tí apá rẹ̀ gùn, tó wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ gboyè. Pupa, ó pupa débi pé èèyàn lè rí i láti òpin ọ̀nà. "Pupa!" wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lórí méjì, ìyàwó rẹ̀ là wá.

Nígbà tó yá, ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu láti sọ ti aṣọ tá a fi sin ín, bàbá na ọwọ́ dá a dúró.

"Ìyẹn, ẹ má ṣèyọnu," bàbá wa wí. "Funfun ni. Òun nìkan ni mo rí bí ẹ ṣe rí i."