Àyè Ègbè Nínú Àlọ́ Màmá Ọlálékan

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó fi ohùn sí wa lọ́fun, tó sì dá ẹ̀mí wa sí di àkókò tí ohùn ń ré òkun kọjá.

Ní Ìgbó-Ọrà, kò sẹ́ni tó mọ àlọ́ í pa bíi Màmá Ọlálékan. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dun ìyá yìí: àwọn ìbejì Ọlálékan, ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú Òyìnbó, kì í sọ Yorùbá, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbọ́ ọ díẹ̀. Bí ó bá pè wọ́n, "Hẹ́lò, Gíráńmà" ni, fóònù á sì padà sọ́wọ́ bàbá wọn. Ẹ̀rù ń bà á pé òun lè kú kí òun tó bá wọn tàkúrọ̀sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Keturah, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, dábàá kan. "Màámi, ẹ jẹ́ ká ká àlọ́ yín sórí fóònù, ká fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù."

"Ṣé fóònù náà á gbè mí?"

"Fóònù kì í gberin, Màámi. Ẹ ṣáà máa pa á lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, Màmá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó pa àlọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ tó jí ẹ̀pà olóko. Ó kọjú sí fóònù, ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ìbejì ní ègbè: "Bí mo bá kọrin, ẹ ní, 'Jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́!'" Ó wá lé e: "Ọ̀kẹ́rẹ́, ta ló kó ẹ̀pà mi lọ?" Ó dákẹ́, ó ń mi orí, bí ẹni tí ogún ọmọ ń dá lóhùn. Lẹ́yìn náà ló tó lé ìlà kejì.

Keturah rò pé ìyá òun ń gbàgbé ni. Ó gé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò, ó sì fi àlọ́ náà ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọlálékan ní àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Màmá ní kí Keturah tẹ àlọ́ náà kí òun gbọ́. Kò tíì dé àárín tó fi pariwo.

"Keturah! Àwọn ọmọ mi dà?"

"Ọmọ wo, Màámi?"

"Àyè tí mo fi sílẹ̀ fún wọn ńkọ́? Ta ló ń lé mi tí mo fi ń sáré bí ọlọ́kadà Lanlate?"

"Èmi ni mo gé e. Mo rò pé ẹ gbàgbé ìlà tó kàn."

"Kí n gbàgbé? Ìwọ lo gbàgbé! Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé pásítọ̀ nìkan ló ń kọ orin pẹ̀lú ègbè rẹ̀?"

Ẹ̀rín pa Keturah, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi."

Wọ́n tún un pa. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá wúkọ́ nínú rẹ̀, àkùkọ aládùúgbò kọ, Keturah ò gé nǹkan kan, ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ti dé láti ìsìn, iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ohùn rán wọlé sórí Wásáàpù. Ohùn àwọn ìbejì ni: "Jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́!" Wọ́n gbè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà, Táíwò ké: "Gíráńmà, ààlọ́ o!" Ó sì dákẹ́.

Keturah fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Ààlọ̀!" ni ìyá arúgbó náà dáhùn, ohùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá.

Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ológbò kan tí òjò dídì sé mọ́lé. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Màmá tún gèlè wé, ó yọjú sójú ọ̀nà.

"Ẹ wá gbọ́ o, ará ilé! Ọmọ mi ń pàlọ́ nílùú Òyìnbó!"

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ohùn ilé baba rẹ parẹ́. Níbikíbi tí àwọn ọmọ rẹ bá wà, bí o bá pè, wọn yóò dá ọ lóhùn. Àmín.