Ó Kan Nakle

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí Wadad ti jáde lọ ra ẹja, Rima fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ilé Wadad, ó gbé táwúlà, pátákó ayò tó ṣeé pa dé bí àpótí, tó wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó pa á dé, ó sì gbé e lọ sí ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ. Kò jalè, kò sì fọ́ nǹkan kan. Ó tilẹ̀ ká aṣọ funfun tí wọ́n fi bo táwúlà náà dáadáa kó tó jáde, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ẹgbẹ́ ọ̀hún wà ní Mina, ìlú etíkun kan, lókè ilé búrẹ́dì kan. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ bí ogún ti máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti ta oríṣiríṣi ayò orí tábìlì. Wadad nìkan ni àgbà àárín wọn, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Rima, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, ló fà á lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ náà, kó má baà jókòó sílé máa bá ògiri sọ̀rọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ayò ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ gbòde láàárín wọn. Ti àgùntàn àti àlìkámà ló tẹ̀ lé e, èyí tí Mitri, olórí ẹgbẹ́, tìtorí ẹ̀ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yan odì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí pé ọmọ náà kọ̀, kò fún un ní àgùntàn kan ṣoṣo. Wadad ta gbogbo wọn, ó sì fẹ̀yìn wọn janlẹ̀. Àmọ́ ní nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan gbé táwúlà bàbá rẹ̀ wá, ni mabúsà, ayò onídáìsì tí wọ́n ń ta lórí ẹ̀, bá gba ọkàn àwọn ọmọ náà pátápátá. Mabúsà tí àwọn bàbá wọn ń ta títí tí ọbẹ̀ fi ń jóná ni wọ́n wá ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀dá ẹ̀. Eruku bo ọkọ̀ ojú irin. Táwúlà kò tó wọn, Mitri sì ní kí oníkálukú wá a wá láti ilé.

Mabúsà nìkan ni Wadad kì í bá wọn ta. Á ní ojú ń dun òun, á sì gbé kọfí rẹ̀ lọ síbòmíràn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ló dé.

Nakle ọkọ rẹ̀, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ táwúlà tó wà nílé wọn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ta mabúsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti jí lójú oorun ọ̀sán. Nínú mabúsà, bí ọmọ ayò rẹ bá dá wà níbì kan, tí ti ẹnìkejì rẹ sì gorí ẹ̀, ó ti dẹ́wọ̀n. Èyí tó bá gbẹ̀yìn kúrò nílé, ibi tí gbogbo wọn ti gbéra, ni wọ́n ń pè ní ìyá. Bí wọ́n bá mú ìyá, ó parí fún ọ nìyẹn, àfi bí ìwọ náà bá mú ìyá ẹni tó mú tìẹ. Nígbà náà, ọ̀mì ni.

Nakle kì í tètè gbé ìyá tirẹ̀ jáde.

"Ta ló ń lé ìyá ẹ̀ kúrò nílé?" ló máa ń wí.

"Jẹ́ kó jókòó síbẹ̀," ni Wadad á fèsì. "Lọ́jọ́ kan, màá bá a nílé."

Ó bá a nílé lóòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọdún méjì sẹ́yìn. Ó mú ìyá Nakle, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn!" Àmọ́ ìyá tirẹ̀ náà ṣì wà nílé, ó sì ku ojúlé mẹ́fà kí ọmọ Nakle kan dé orí rẹ̀. Wadad ti dí ojú ọ̀nà yòókù. Bí mẹ́fà bá jáde lójú dáìsì kan, Nakle yọ. Bí kò bá jáde, ó kú nínú ayò. Nakle mú dáìsì, ó tún gbé e sílẹ̀, ó di àyà rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kí n lọ rí dókítà ná," ó ní. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan o, Wadad. Èmi ló kàn."

Ọjọ́ kẹta ló kú. Wadad kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń gbá eruku kúrò láàárín àwọn ọmọ ayò náà, láìsún ẹyọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, ibi tó ti lọ ra ẹja ló gbà lọ sí ẹgbẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí táwúlà Nakle níwájú ọmọkùnrin méjì tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbé e? Ta ló gbé e níbẹ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí," Rima ní. "Mo rò pé inú yín á dùn."

"Inú mi á dùn! O da ayò Nakle nù, o ní inú mi á dùn! Òun ló kàn, Rima! Òun ló kàn!"

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ìbínú, lórí ìdúró. Rima bú sẹ́kún. Mitri lé àwọn tó ń ta á dìde, ó wá rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ rántí bó ṣe wà?"

"Ṣé mo rántí orúkọ mi?"

Ó jókòó, ó to ọgbọ̀n ọmọ ayò náà padà síbi tí wọ́n wà, kò dúró ronú lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn wá yí i ká.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sílé báyìí," Rima ní.

"Kí ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wo tí kò ní dà?" ni Wadad bi í.

Ibẹ̀ ni ayò náà ti máa parí. Ẹ̀rù ba Wadad. Bí mẹ́fà kò bá jáde, a jẹ́ pé ó na Nakle, ẹ̀rín tó fi rín in lọ́jọ́ yẹn ló sì kẹ́yìn láàárín àwọn méjèèjì. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó parí ayò náà láti ọdún méjì.

Ó mú dáìsì, ó jù ú ní orúkọ Nakle. Mẹ́ta àti ení.

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó kó dáìsì méjèèjì nílẹ̀, ó tún un jù. Márùn-ún àti èjì.

Mitri, tó máa ń ka ìwé òfin ayò bí ẹní ń ka àdúrà, ya ẹnu, ó sì tún pa á dé. Rima ò lè gbójú kúrò lára ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Lójú ẹ̀ ni dáìsì Nakle ṣe gba ojú fèrèsé já sí títì lọ́jọ́ kan, tí Wadad kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tún un jù, tí Nakle fi kọ oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀.

Wadad tún un jù. Ẹ̀rin méjì. Ó tún un jù. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ẹ̀fà jáde. Ó gbé ọmọ Nakle, ó kà á sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí dé ẹ̀fà, ó sì gbé e gorí ìyá tirẹ̀, ti Wadad fúnra rẹ̀.

"Ọ̀mì ni o, Nakle," ó ní. "Mi ò nà ọ́."