Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Tó Jókòó

Ìyá Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ màlúù tó wọlé tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ yẹn, ó tẹjú mọ́ maikirosikóòpù títí, kò rí ìjà kankan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó gbé kòkòrò àrùn mì ní kété tó bá yọjú, jókòó jẹ́jẹ́ bí àlejò tí wọn ò kí. Wọn ò kú. Wọn ò kàn ṣe nǹkan kan ni.

Pùròtéènì tí wọ́n bó lára èèpo kòkòrò tó ń fa àrùn ikọ́ màlúù, tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló sọ wọ́n di dìndìnrìn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni abẹ́rẹ́ yìí ti ń yege! Ẹ̀jẹ̀ màlúù àgbà kan tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dán an wò, torí kì í tàpá. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti ṣe àìsàn náà rí. Ó ti ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ti mọ ọ̀tá lójú, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló kọ́ wọn ní ìjà. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ màlúù tí àrùn náà kò mú rí, òun ló wà lábẹ́ maikirosikóòpù yìí.

Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ni Ìyá Ẹ̀jẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin tó ta wàrà fi rán an lọ sílé ìwé. Àrùn ti wọ agbo màlúù aládùúgbò ẹ̀gbọ́n náà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òun fi bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó yẹ kí àyà rẹ̀ já. Kò já. Ó fọ àwo tó lò, ó nu ọwọ́, ó gbé fóònù.

“Dókítà màlúù!” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí i. “Àwọn ọmọ rẹ tó gba abẹ́rẹ́ ń rìn bí ẹní gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ yẹn ò dáa. Ó ń jẹ́ kí ara wọn gbàgbé ìjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màlúù ẹlòmíì sún mọ́ wọn.”

Àwàdà tán lẹ́nu ẹ̀gbọ́n.

“Ìjẹta ni mo gba màlúù mẹ́rin tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ aládùúgbò wa, kí tiẹ̀ tó kù lè yè. Ṣebí ìwọ lo ní tèmi ò lè kó àrùn náà mọ́?”

Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ẹkún nínú ara rẹ̀, kò rí i.

“Èwo nínú tiyín ló ń húkọ́?”

“Dúró ná.”

Ẹ̀gbọ́n wọ àárín agbo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń húkọ́ lórúkọ, Ìyá Ẹ̀jẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyá Ẹ̀jẹ̀ di bírò mú, ó ń dúró de orúkọ tó kàn.