Abala Kẹta Ọ̀pá Ìpẹja

Ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀pá ìpẹja náà nìkan ni Bàbá Silas fẹ́ mọ̀. Olùkọ́ òyìnbó kan ló fi ta á lọ́rẹ nígbà èwe rẹ̀, ìjọ wọn ní Iléṣà sì fẹ́ gbé e sínú àpótí onígíláàsì fún àjọ̀dún 1994. Ó gbé e mọ́ àyà nínú àpò aṣọ rẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀bù Elisha, alátùn-únṣe ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo.

"Abala orí rẹ̀ ti kán," ni ó sọ. "Ọmọ mi Ọdúntán ló dá a. Má wulẹ̀ tún un ṣe. Gbogbo nǹkan lẹ̀yin ará Òṣogbo ń tún ṣe, àfi ọ̀nà yín."

"Ọ̀nà náà ló sáà gbé yín débí, Bàbá."

Elisha tú àpò aṣọ náà. Silas gbójú sí ìta. Ní Éprílì 1971 ló ju àpò yìí tẹ̀lé ọmọ náà jáde: "Má padà wọlé mi títí ọ̀pá yìí yóò fi pé." Ọdúntán gba ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ lọ ní Ifewara. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà ti gbé ọ̀pá wá, ó wà lórí àjà. "Kó máa wà níbẹ̀," ni Silas wí. Kò gòkè lọ wò ó.

"Abala méjì yìí, iṣẹ́ òyìnbó ni," ni Elisha wí. "Ẹ fọwọ́ kàn án, igun mẹ́fà. Wọ́n la ọparun sí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, wọ́n fi ẹ̀rọ gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo rí irú idẹ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gù kan: ṣáájú ogun Hítílà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta yìí, ọ̀bẹ ni wọ́n fi fá a."

"Ẹ̀kẹta wo? Ó ti kán."

"Kò kán, Bàbá. Ọparun etí odò tiwa níbí ni, igun mẹ́fà náà ló ní. Ẹni tó fá a yóò ti ba ogún ọparun jẹ́ kó tó rí ọ̀kan mú."

Idẹ abala náà fẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ṣe é sì ti fi bébà wé e kó lè há. Elisha fi abẹ́rẹ́ tú bébà náà jẹ́jẹ́. Ewé kàlẹ́ńdà ni: Júùnù 1971.

Silas ka oṣù lórí ìka. Dìsẹ́ḿbà ọdún náà ni Ọdúntán tó wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn, níbi tí ìròyìn ikú rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn tó ti tún ọ̀pá náà ṣe, oṣù mẹ́fà ló fi jókòó ní Ifewara tó ń retí kí wọ́n pe òun wálé.

Elisha so abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó mì í. Orí ọ̀pá náà tẹ̀, ó sì padà nà tàn-àn.

"Ó pé, Bàbá. Ọdún wo ni kí n kọ fún ìjọ?"

Silas na ọwọ́ sí ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n ó dá ọwọ́ dúró kó tó kàn án.

"Má kọ nǹkan kan," ni ó wí. "N kò gbé e fún wọn mọ́."